Àbàtà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Máàpù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá wo fáìlì kẹtàdínlógún ní ẹ̀ka ètò ìlú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ló wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Fọ́ọ̀mù mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ẹni tó kọ wọ́n. Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnì kankan. Ìṣojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ èyí tó kù.

Máàpù ni mò ń yà fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti ń yà á. Àǹtí Onímáàpù ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè mí, títí kan àwọn tó jù mí lọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìjọba ìbílẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ti fẹ́ tán mọ́ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí kì í ṣe ènìyàn lọ́wọ́: ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́, oyin, awun, títí dórí koríko. Wọ́n ní ká wá gbogbo ibi tí wọ́n ṣì kù sí, ká fi àwọ̀ ewé kùn ún lórí máàpù, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Ti ilẹ̀ ìjọba rọrùn. Ilẹ̀ aládàáni ló le. Ẹni tó ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọwọ́ lùwé pé òun fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ títí láé, pé ọmọ òun kò ní kọ́ ọ, ọmọ ọmọ òun kò ní kọ́ ọ.

Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀? A kọ lẹ́tà sí igba onílẹ̀ ó dín mẹ́ta. Ẹnì kan ló dáhùn.

Tíṣà Kọ̀ǹkọ̀ ni.

Obìnrin ni, òun ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó ń dá gbé nínú ilé kékeré kan létí àbàtà tó wà lẹ́yìn ọgbà tí ìjọba ń gbé ọkọ̀ sí. Ìjọba ló ni àbàtà. Tíṣà ló ni ilẹ̀ tó fara tì í. Ìdajì ilẹ̀ yẹn, koríko ló fi í sílẹ̀ fún. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á gbé àpótí ìjókòó lọ sétí omi, á di ojú, á máa ka ohùn. Kọ̀ǹkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí òun. Ohùn ni wọ́n fi ń kà á. Ohùn kan, kọ̀ǹkọ̀ kan. Ó ní fọ́ọ̀mù tó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, bírò aláwọ̀ ewé ló sì máa ń lò. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é, kò pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ ní Tíṣà Kọ̀ǹkọ̀. Kò bínú sí i.

"Ó sàn kí wọ́n fi kọ̀ǹkọ̀ pè mí," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, "ju kí wọ́n fi ọ̀bọ pè mí lọ."

Ọ́fíìsì ọ̀gá mi ló ti wá bu ọwọ́ lùwé. Ọ̀gá Ètò la máa ń pe ọ̀gá mi, torí òun ni olórí ẹ̀ka ètò ìlú. Ọkùnrin gìrìpá ni, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ kì í sì í dọ̀tí. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Hùn-hùn. A ó ti gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kálukú á sì ti jókòó dáadáa.

"Màmá," ó wí, "tí ẹ bá bu ọwọ́ lu tiyín, ìjọba á fi àbàtà kún un. Tiwa àti tiyín á so pọ̀ mọ́ra wọn."

"Ó gbọ́dọ̀ so pọ̀," Tíṣà fèsì. "Kọ̀ǹkọ̀ kò mọ ààlà. Omi ni wọ́n ti ń bímọ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀kan láìsí èkejì, òfo ni."

"Ọ̀rọ̀ ìjọba rèé, Màmá."

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba rí, ọmọ mi. Tìrẹ ni mò ń béèrè."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Àbàtà yẹn kò lọ síbì kankan."

Tíṣà yọ bírò rẹ̀. Ó bu ọwọ́ lùwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tó ku ọ̀la kí máàpù lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn mi.

"Àbàtà yẹn. Yọ ọ́ kúrò."

"Sà?"

"Ibẹ̀ dára fún ilé. Wọ́n ti pín in."

"Ta ni wọ́n pín in fún, sà?"

"Ṣé ìwọ lo ni ín ni?"

Mo ní Tíṣà ti bu ọwọ́ lùwé nítorí àbàtà yẹn. Ó ní ta ló fọwọ́ kan ti Tíṣà? Tirẹ̀ ṣì wà lórí máàpù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí mo fi gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ máàpù yà, pé àga tí mo jókòó lé yẹn, kò le láti rí ẹni tó máa jókòó lé e.

Mo fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọ̀ ewé náà lọ. Ibẹ̀ funfun. Kò pariwo rárá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra ara mi náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló rọrùn láti gbé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé máàpù kọ́ sí gbọ̀ngàn fún gbogbo ará ìlú, Tíṣà tètè dé. Ó sún mọ́ ògiri. Ó fi ìka wá ilẹ̀ tirẹ̀, ó rí i: ewé kékeré kan, òun nìkan láàárín funfun. Ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ sí ibi tó yẹ kí àbàtà wà. Ó dúró síbẹ̀. Ó pẹ́.

"Ta ló yà á?"

Mo dìde. "Èmi ni, mà."

Ó wojú mi. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

"Ọwọ́ rẹ mọ́," ó wí.

Ohun tó máa ń kọ sí etí ìwé mi ní kíláàsì kẹrin nìyẹn.

Katapílà dé lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi da yẹ̀pẹ̀ sínú omi. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, kọ̀ǹkọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Tíṣà kà. Ní ọjọ́ Ẹtì tí omi ti di yẹ̀pẹ̀, ó tún gbé àpótí rẹ̀ lọ, ó jókòó sí iwájú yẹ̀pẹ̀ pupa, ó di ojú. Mo wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n wá wọn ilẹ̀. Ọ̀gá Ètò náà wà níbẹ̀, bàtà rọ́bà ló wọ̀. Ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohùn kan. Ìrẹ̀ kò ké. Ẹ̀fọn gan-an kò kùn.

Tíṣà kọ nǹkan kan sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá Ọ̀gá.

"Ohùn ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n wà láàyè," ó wí. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọn yóò fi mọ̀ pé ìwọ wà?"

Ọ̀gá wúkọ́, ó wá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ lọ sinmi."

Ó lọ. Ọmọ àbúrò Tíṣà tó wá tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Kò béèrè omi, kò dáhùn ìkíni. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n bá a lójú fèrèsé tó kọjú sí yẹ̀pẹ̀ náà, ó jókòó, ó ti kú.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà, ilé Ọ̀gá Ètò ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ ẹni tí wọ́n pín in fún.

Kò tíì pé oṣù kan tó kó wọ ibẹ̀ nígbà tí Bàbá Aṣọ́nà, ẹni tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa, mú àpòòwé kan wá bá mi.

"Àǹtí, mo bá a nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ta ló mú un wá?"

"N kò rí ẹnì kankan. Ilẹ̀ tutù ni mo rí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ṣọ́ ọ̀nà yìí, olè kan kò wọlé rí. Ohun tó wọlé lónìí, n kò mọ ohun tí à ń pè é."

Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn Tíṣà ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ìkànìyàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Irú fọ́ọ̀mù tó fi ń ka kọ̀ǹkọ̀ ni, bírò aláwọ̀ ewé, ìrù lẹ́tà rẹ̀ tó ká bí ìwọ̀ ẹja. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Tíṣà ti kú láti oṣù méje. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Ibi: Ilé kìíní, Àbàtà. Ẹ̀yà: ènìyàn àti ajá. Ìró tí a gbọ́: ikọ́ ọkùnrin, ọ̀kan. Ẹ̀rín obìnrin, ọ̀kan. Orin àgbàlagbà obìnrin, ọ̀kan. Gbígbó ajá, ọ̀kan. Àpapọ̀: mẹ́rin.

Bébà náà ń rùn bí ẹrẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́ọ̀mù Tíṣà àtijọ́. Mo wò ó pẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Tí mo bá ní ẹ̀rù nìkan ló bà mí, irọ́ ni mo pa. Nǹkan kan dùn mọ́ mi nínú. Mo ṣí fáìlì tuntun, mo kọ nọ́ńbà sí i, kẹtàdínlógún. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú rẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Èkejì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbígbó ajá: kò sí. Àpapọ̀: mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń rojọ́ fún gbogbo wa. Ó ní ajá òun ya wèrè. Ó ní ó ń gbó, ó ń fò mọ́ ẹnu géètì, itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde.

"Bóyá ọ̀fun ló ń dùn ún, sà," ẹnì kan wí.

"Dókítà ẹran ní kò sí nǹkan kan lọ́fun rẹ̀."

Mo tẹrí ba sórí máàpù mi. Mo rọra rẹ́rìn-ín.

Orin àgbàlagbà obìnrin ló tẹ̀ lé e. Ìyá Ọ̀gá ni. Kò sẹ́ni tó dé ilé yẹn tí kò mọ orin rẹ̀, torí bó bá ń gbálẹ̀ ó ń kọrin, bó bá ń ká aṣọ ó ń kọrin. Fọ́ọ̀mù kẹta dé lọ́jọ́ Ajé. Kò sí. Àpapọ̀: méjì. Ọ̀gá kò wá síbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní òun ń gbé ìyá òun káàkiri ilé ìwòsàn. Ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lù. Wọ́n ní kí n gbé e lọ bá a nílé.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú. Bí mo ṣe wọ géètì, nǹkan kan ṣí kúrò létí mi, bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ fìlà. Mo dúró. Kò sí ariwo ọkọ̀ láti òpópónà. Kò sí ẹyẹ. Eṣinṣin kan kò fò. Ajá náà jókòó lábẹ́ igi, ó lanu sí mi, ó lanu, ó lanu. Kọ́kọ́rọ́ mi bọ́ lọ́wọ́ mi sórí táìlì. Mo rí i tó ta sókè. N kò gbọ́ ọ.

Ìyá Ọ̀gá wà ní yàrá ìgbàlejò, ó ń ká aṣọ. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kọrin. Nígbà tó rí mi, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ó mi orí.

Ìyàwó Ọ̀gá ló jáde wá. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ọlọ́yàyà, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó rí lára ọkọ rẹ̀ tó fi fẹ́ ẹ. Ó fa àga fún mi, ó gbé omi tutù wá. Ó sọ fún mi pé àga yẹn ti ya aṣọ àlejò méjì rí, kí n rọra jókòó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ilé ńlá yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ló ń dún. Ó dà bí iná kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé láti pa.

Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ mi.

"Àǹtí Onímáàpù, ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí. Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Àbàtà ni."

"Àbàtà nìkan?" Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Tí ẹ bá mọ nǹkan kan, ẹ sọ fún mi. Ọmọ yìí ni mò ń rò."

Fáìlì kẹtàdínlógún wà lọ́kàn mi. Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: ẹ kúrò níbí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ikọ́ láti òkè àtẹ̀gùn, hùn-hùn, Ọ̀gá ń bọ̀. Ìka Tíṣà lórí funfun yẹn ni mo rí.

"N kò mọ nǹkan kan," mo wí.

Ó ní ẹ ṣé, mà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìkẹrin dé lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá Aṣọ́nà kò mú un wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lókèèrè, ó nawọ́ sí i nílẹ̀. Omi ti rin ín gbingbin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bírò aláwọ̀ ewé kọ kò parẹ́.

Ẹ̀rín obìnrin: kò sí. Ẹkún ọmọ tuntun: kò sí. Ikọ́ ọkùnrin, ọ̀kan. Àpapọ̀: ọ̀kan.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ tuntun wo? Wọn kò tíì bí ọmọ kankan.

N óò sọ òótọ́. N kò dìde lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó. Mo ń wo ọwọ́ aago tó ń yí lára ògiri. Mo ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Aago mẹ́sàn-án ni mo rí fọ́ọ̀mù náà. Aago méjìlá kọjá kí n tó gbé fáìlì, kí n tó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá.

Mo tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì rẹ̀. Ó kà wọ́n. Ojú rẹ̀ di eérú.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà."

"Ó ti kú."

"Ó ti kú, sà."

"Láti ìgbà wo lo ti ní wọn?"

"Oṣù mẹ́ta."

"O mọ̀." Ó dìde. "Ìyá mi. O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ẹ ní kí n yọ ọ́, sà. Mo yọ ọ́. Ẹ kò ní kí n tún sọ̀rọ̀."

Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá mi. Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé e sétí. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ọ̀gá gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ti bí," ó wí. "Láti aago mọ́kànlá. Wọ́n ní kò pariwo nígbà tó ń rọbí. Wọ́n ní ó ń lanu lásán." Ó jókòó. "Ọmọbìnrin ni. Wọ́n ní ó ń mí dáadáa. Ó ń sunkún, omijé ń dà lójú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan."

Aago mọ́kànlá. Mo jókòó nísàlẹ̀ nígbà náà, mò ń wo aago.

Ẹ̀san ni mo fẹ́. Mo rí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀san kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá ní òun fẹ́ bá ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Sáré ni Ọ̀gá sáré wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ̀wù rẹ̀ dọ̀tí lọ́rùn. Gbogbo káńsẹ́lọ̀ jókòó. Alága ní kó máa sọ̀rọ̀.

Ó dìde. A rí èjìká rẹ̀ tó mì lẹ́ẹ̀mejì.

A kò gbọ́ ikọ́.

Ó lanu. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ètè rẹ̀ ń yára, òógùn ń kán sórí tábìlì. Alága ní, "Ọ̀gá Ètò, ẹ sọ̀rọ̀ sókè." Ó tún gbìyànjú. Afẹ́fẹ́ nìkan. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì na ìka sí mi.

Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìlérí tó ṣe fún Tíṣà, bí mo ṣe yọ àbàtà, fọ́ọ̀mù mẹ́rin. Mo sọ bí mo ṣe mọ̀ tí mo sì dákẹ́. Ohùn mi ń dún nínú gbọ̀ngàn yẹn, ó sì ń bà mí lẹ́rù pé ó ń dún.

Káńsẹ́lọ̀ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí a ó gbé àga sí. Gbogbo wọn nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí á dá àbàtà padà. Kì í ṣe àánú. Mo rí ojú wọn.

Wọ́n wó ilé náà. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ kúrò. Òjò rọ̀, omi padà, mo sì fi àwọ̀ ewé kùn ún, tìjọba àti ti Tíṣà, wọ́n so pọ̀. Ọ̀gá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n mú ajá náà dání. Ìyàwó rẹ̀ kò tẹ̀ lé wọn. Ó gba yàrá kan nítòsí àbàtà, òun àti ọmọ rẹ̀. Ohùn wọn kò padà. Gbogbo wa rò pé yóò padà.

Fọ́ọ̀mù kò wá mọ́. Ìgbìmọ̀ ní kí ẹnì kan máa ka ohùn ibẹ̀, kí á lè mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọdún kìíní, lámilámi dé. Lékeléke dé. Koríko ga ju mí lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí mo bá jókòó, tí mo di ojú, omi yẹn dákẹ́ bí ibojì. Ọdún kejì, bákan náà. Mo ń kọ òfo, mo ń bu ọwọ́ lù ú.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kẹta ni mo gbọ́ ọ.

Hùn-hùn.

Mo yí padà. Mo rò pé Ọ̀gá ti dé. Kò sẹ́ni lẹ́yìn mi. Ó tún dún, láti inú koríko, lórí omi. Hùn-hùn. Lẹ́yìn náà, lápá òsì, ajá kan gbó. Ó gbó bí ajá tó rí ẹni tó mọ̀. Àgbàlagbà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ orin, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ohùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ẹ̀rín. Ẹkún ọmọ kékeré. Wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí kọ̀ǹkọ̀ ṣe máa ń ṣe.

Mo dìde, ẹsẹ̀ mi kò mọ ibi tó ń lọ. Mo rí ìyàwó Ọ̀gá létí omi. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí, kò yà á lẹ́nu. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí kò fi bá ọkọ rẹ̀ lọ: ohùn wọn ló ń dúró dè.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wá. Láti ìgbà náà, a jọ ń gbọ́ ọ ni. A kì í sún mọ́ ara wa. N kò tíì rí ọ̀nà tí mo lè gbà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èjìká, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ìyá náà yí padà, ó fẹ́ máa lọ sílé.

"Màmá," ohùn ọmọdé kan wí láti inú koríko, ó já geere, "ẹ má tíì lọ."

Ìyá náà dúró. Mo wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń sùn. Ètè rẹ̀ kò mì.

Omi dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rín obìnrin kan wá dá ọmọ náà lóhùn, níbẹ̀ gan-an nínú koríko, ẹ̀rín ọlọ́yàyà tí mo gbọ́ nílé Ọ̀gá lọ́jọ́sí, ohùn rẹ̀ sì ní, "N kò lọ síbì kankan, ọmọ mi."

Ìyàwó Ọ̀gá wò mí. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé gbọnyingbọnyin. Ó wo omi náà bí ẹni tó ń wo ojúlé ẹlòmíràn, tí iná ti tàn nínú ilé, tí ìdílé ti jókòó. Ó gbé bàtà rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí koríko.

Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò dìde.